Ẹ̀ka Tútù Lórí Ojú-Ìwé Kọkànlélógójì

Lyon, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ọdún 1986

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Láti ibi tí mo wà yìí, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ṣé ara yín le? Orúnkún Ìyá ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Mo mọ̀ pé ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Òtútù ti ibí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù mẹ́ta ni mo wọ̀ léra, síbẹ̀ etí mi ń ta mí.

Ẹ ní kí n máa sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún yín, kí n yé kọ "mo wà dáadáa" nìkan. Ó dára. Ní yàrá ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ wa, kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ni wọ́n fi okùn kan so pọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ètò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní atukọ̀, nítorí òun ló ń tu ọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ bọ́ sórí okùn. Atukọ̀ yìí ní iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ìdúró-de-ìpè: ẹ̀rọ á jókòó jẹ́jẹ́, á máa retí kí ẹnì kan pè é láti ìta lórí wáyà tẹlifóònù. Ẹnikẹ́ni kò lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ojú-ìwé mẹ́fà tó ṣàlàyé rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ìtọ́ni wa, láti ojú-ìwé kọkànlélógójì lọ. Olùkọ́ wa, Mùsíọ̀ Laurent, ní kí n yọ wọ́n kúrò, kí n sì tún ìwé náà tò kí oṣù kẹrin tó parí. Ó ní iṣẹ́ yìí ni òun máa fi mọ̀ bóyá mo yẹ fún ọdún kejì tàbí kí n padà sílé.

Bàbá, iṣẹ́ náà wúwo fún mi. Ta ni mí? Oṣù karùn-ún mi rèé níbí. Ẹni tó kọ ojú-ìwé mẹ́fà náà, Madame Julienne, ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré sí tábìlì mi, ọdún yìí ló sì máa fẹ̀yìn tì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ yé yín jù mí lọ, nítorí ó jọ èyí tí ẹ kọ, tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ní abúlé Ìdí-Igbá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ yín,
Kòkúmọ́


Atakpamé, ọjọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n oṣù kejì, ọdún 1986

Kòkúmọ́,

Lẹ́tà rẹ dé. Ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ wà bó ṣe wà.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní ìwé kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, tó yẹ ní yíyọ sọnù, pé ó jọ ìwé tí èmi kọ ní Ìdí-Igbá. O ṣeun. Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tí ìwé náà jẹ́, bóyá òtútù ti gbé e kúrò lọ́kàn rẹ. Ọdún 1971 ni èmi àti Jacques tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wáyà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ru òpó wáyà lórí láti ojú títì Moretan dé abúlé yẹn. Òpó mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Lọ́jọ́ tí tẹlifóònù náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Ṣàngówáwa tó jẹ́ olórí abúlé ní kí n kọ bí wọ́n á ṣe máa lò ó sílẹ̀, kí wọ́n má baà gbàgbé. Mo kọ ọ́ ní èdè wa, mo fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi gun òpó wáyà. Ìwé yẹn nìkan ló fi hàn pé mo gùn ún.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù márùn-ún nínú ilé kì í gbá ẹrù àgbà pọ̀ mọ́ pàǹtí. Má ṣe fọwọ́ kan ohun tí àgbà kọ. Sọ fún olùkọ́ rẹ pé ilé tí o ti wá kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí o fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá o ti rù.

Bàbá rẹ,
Étienne Ẹ̀taòkò


Lyon, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún 1986

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo wólẹ̀, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Mi ò fi ìwé yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ìwé tí mo ń sọ ni mo ṣe fi tiyín ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ìwé ìtọ́ni àkọ́kọ́ tí mo fojú mi rí láyé. Ẹ̀yin lẹ gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Mo rántí pé mo ka orúkọ yín sókè, gbogbo ilé Ṣàngówáwa sì pàtẹ́wọ́.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ wí. Mi ò tíì fọwọ́ kan ojú-ìwé kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, kí ẹ tó dájọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ṣe gbogbo ohun tí ojú-ìwé kọkànlélógójì sọ, lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní kí n tẹ àṣẹ kan, kí n sì dúró. Ó ní bí ẹ̀rọ kò bá dáhùn, kí n mú sùúrù, kí n má pa á. Mo dúró láti aago mẹ́sàn-án títí wọ́n fi lu aago oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé èmi ni mo ṣì í ṣe, bí mo ṣe máa ń rò nípa ohun gbogbo. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo wá fi ìtìjú bi Mùsíọ̀ Laurent, ó ní láti ọdún 1983 ni wọ́n ti gé iṣẹ́ ìdúró-de-ìpè kúrò nínú atukọ̀. Ohun tí mo ń dúró dè kò sí níbẹ̀ rárá. Ó ní èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan tó ń jẹ́ Gérard ti pàdánù odindi ọjọ́ kan sí i rí, torí pé ó jẹ́ ẹni tó máa ń gba ohun tó bá kà gbọ́.

Bàbá, ìbéèrè kan péré ni mo ní, ẹ má sì bínú sí i. Tẹlifóònù Ìdí-Igbá, ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀?

Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹrin ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi. Mi ò ní yọ ojú-ìwé kankan títí èsì yín yóò fi dé.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Kòkúmọ́


Lyon, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, ọdún 1986

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ṣé lẹ́tà mi ti oṣù tó kọjá dé ọwọ́ yín? Lójoojúmọ́ ni mo ń wo àpótí lẹ́tà, débi pé obìnrin tó ń tọ́jú ilé wa ti ń bi mí bóyá ìyàwó ni mo fi sílẹ̀ nílé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Mùsíọ̀ Laurent bi mí lánàá pé báwo ni iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo ní ó ń lọ. Irọ́ ni mo pa. Mi ò lè sọ fún un pé èsì láti Atakpamé ni mo ń retí kí n tó lè ya ìwé ní Lyon.

Bí ẹ bá ṣì ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà sínú lẹ́tà kí ẹ fi ránṣẹ́. Ó sàn ju pé kí n máa wo àpótí òfìfo lọ.

Kòkúmọ́


Lyon, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin, ọdún 1986

Bàbá mi,

Lẹ́tà yìí ṣòro fún mi láti kọ, nítorí náà mo máa sọ ohun tó le jù lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti yọ ọ́.

Mo ṣèlérí pé mo máa dúró, mi ò sì dúró mọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, ìwé náà ṣí sílẹ̀ níwájú mi ní ibi tó ti ní kí a mú sùúrù. Mo rí i pé ohun tí mo ń ṣe sí yín ni Gérard ṣe sí ẹ̀rọ. Kì í ṣe gbogbo ìdúró ni sùúrù, Bàbá. Òmíràn, ẹ̀rù ni.

Mo dìde, mo sì lọ bá Madame Julienne. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá náà jìn ju ọ̀nà oko wa ní Datcha lọ. Mo kí i, mo tún kí i, títí ìkíni fi tán lẹ́nu mi. Ó gbójú sókè, ó bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo sọ fún un pé wọ́n ní kí n yọ ojú-ìwé mẹ́fà tó kọ, àti pé ní ilé wa a kì í gbé ẹrù àgbà láì tíì bá a sọ̀rọ̀.

Ó gbé kálámù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló rán ọ wá bi mí?"

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Mo sọ fún un pé bàbá mi gun òpó wáyà fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ó sì kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ní abúlé kan. Ó béèrè gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi, iye òpó, igi tí ẹ fi ṣe wọ́n, bí ẹ ṣe ń gùn wọ́n. Ó wá gba ìwé náà, ó ka ojú-ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí ibì kan.

"Ìwé yìí dára," ló wí. "Ẹ̀rọ tí mo kọ ọ́ fún ni kò sí mọ́. Yọ ọ́."

Ó ní láti ọdún mẹ́ta ni òun ti ń retí kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń bẹ̀rù láti sọ fún òun. Ó ká ojú-ìwé mẹ́fà náà sínú báàgì rẹ̀, ó sì gbé wọn lọ sílé. Mo fi iṣẹ́ náà lé Mùsíọ̀ Laurent lọ́wọ́ lánàá.

Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Mo mọ̀ pé mo ṣe é. Ẹ bá mi wí bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.

Ọmọ yín,
Kòkúmọ́


Atakpamé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin, ọdún 1986

Kòkúmọ́ ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Kò sẹ́ni tó kú.

Nígbà tí mo ka ìbéèrè rẹ nípa tẹlifóònù Ìdí-Igbá, mo búra pé mi ò ní dá ọ lóhùn mọ́. Mo ń rìn káàkiri ilé. Ọ̀rọ̀ náà sú ìyá rẹ. Ó ní, "Bó bá dá yín lójú pé ẹ̀rọ yẹn ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ fi pe ilé ìfìwéránṣẹ́. Èmi á dúró síbẹ̀ gbọ́ ohùn yín." O mọ ìyá rẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, mo wọ ọkọ̀ Moretan, mo sọ̀ ní ojú títì, mo sì fẹsẹ̀ rìn wọ inú oko.

Mo mọ̀ pé òjò ọdún 1981 ti wó òpó mélòó kan. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, mo sì rò pé àwọn tó kù á gbé wọn dìde. Kòkúmọ́, nínú òpó mẹ́tàlélọ́gọ́rin, mọ́kànlá ni mo kà. Ikán ti jẹ àwọn kan. Àwọn kan ti di òpó àká àgbàdo. Ní ẹ̀bá odò, ẹnì kan sá ṣòkòtò mẹ́ta sórí wáyà mi, ó tiẹ̀ fà á le dáadáa.

Mo dé ilé Ṣàngówáwa ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Èrò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló wà nídìí tẹlifóònù, ó ń yí ọwọ́ irin tó wà lára ẹ̀rọ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí i, ó dúró, ó ka ení, èjì títí dé ọgọ́rùn-ún, ó tún yí i. Bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìwé mi wà lókè orí rẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó kí eruku má bà á.

"Ẹ̀taòkò, o dé lásìkò," ló wí. "Ẹ̀rọ rẹ kò tíì dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n a ò kúrò nídìí rẹ̀."

Pauline, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ń rọbí nínú yàrá láti àná, ọmọ kò sì wá. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń pe Atakpamé kí ọkọ̀ wá gbé e. Láti ọdún 1978 ni wọn ò ti ní ìdí láti pe ẹnikẹ́ni, ìgbà tí wọ́n pè gbẹ̀yìn yẹn ẹ̀rọ náà sì dáhùn, nítorí náà ọkàn wọn balẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò rán oníkẹ̀kẹ́ lọ sójú títì. Ó nawọ́ sí ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé mi: Bí a kò bá dáhùn, ẹ mú sùúrù, ẹ má ṣe kúrò nídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀ṣuntókí, ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí fún wọn, jáde sí wa. Ó ní láti ìdájí ni òun ti ní kí wọ́n gbé obìnrin náà lọ, wọ́n ní kí òun dákẹ́, pé ìwé ní kí a dúró. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo kọ ọ́? Ìwé rẹ gbọ́n ju ikùn lọ?"

Mo ní kí wọ́n fi aṣọ nínípọn àti ọ̀pá méjì ṣe ohun tí wọ́n máa fi gbé Pauline. Ọkùnrin mẹ́rin gbé e, mẹ́rin mìíràn ń tẹ̀ lé wọn láti gbà á, oníkẹ̀kẹ́ kan sì sáré ṣáájú lọ dá ọkọ̀ dúró. Èmi náà rìn lẹ́yìn wọn, mo ń ka òpó tí kò sí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé òwú ló gbé wa dé Atakpamé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bí ọmọbìnrin. Dókítà ní bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò mọ ohun tí òun ì bá wí. Ìyá àti ọmọ wà láàyè. Mo ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè dá èmi fúnra mi lójú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà sí Ìdí-Igbá láti já ìwé náà. Ṣàngówáwa ò fẹ́. Ó ní wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní èmi ni mo ni ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe já a tán, mo rí i pé ojú ibẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní lára ògiri, tẹlifóònù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á mọ̀ pé ìwé kan wà níbẹ̀ rí, á béèrè ohun tó sọ, ẹni tó bá sì rántí á kà á fún un lórí. Ìwé tí a já kò tíì lọ.

O rántí nígbà tí a bá ń lọ sóko Datcha, tí a bá dé oríta tí ọ̀nà kan ti kú? Ẹni tó ṣáájú á já ẹ̀ka tútù, á fi dí ẹnu ọ̀nà náà, kí àlejò tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà gbà á. Kò ní pa ọ̀nà náà rẹ́. Á sọ pé ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo yọ ọwọ́ irin tí a fi ń yí tẹlifóònù náà sápò, mo so ẹ̀ka tútù mọ́ ojú rẹ̀, mo sì kọ ìwé tuntun: Ọ̀nà yìí ti kú. Ẹ rán oníkẹ̀kẹ́ sí ojú títì, ẹ gbé aláìsàn tẹ̀ lé e. Mo fi orúkọ mi sí i.

Nítorí náà, yọ ojú-ìwé rẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ lófìfo. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí lè pẹ́ jù. Ìgbéraga mi ló jẹ́ kó pẹ́.

Bàbá rẹ,
Étienne Ẹ̀taòkò


Lyon, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, ọdún 1986

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín àti tèmi pàdé lọ́nà, wọn ò kí ara wọn. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù yìí ni tiyín dé. Mo kà á lórí ìdúró, mo gbàgbé pé ẹ ní kí n jókòó.

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kí Pauline. Ẹ sì sọ fún ìyá àgbà Ọ̀ṣuntókí pé mo ní wọ́n gbọ́n ju ìwé méjèèjì lọ, tiyín àti ti Lyon.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kejì tí lẹ́tà yín dé, Gérard kan náà wá bá mi. Ó ní ìwé òun ti ya, òun ò rí ojú-ìwé kọkànlélógójì. Mo bi í pé ta ló rán an lọ síbẹ̀. Ó fi ojú-ìwé kejìlá hàn mí. Ó ṣì wà níbẹ̀, gàdàgbà: fún ìdúró-de-ìpè, wo ojú-ìwé kọkànlélógójì. Ojú-ìwé mẹ́fà ni mo yọ, mo sì gbàgbé ọwọ́ tó ń nà sí wọn. Kí n tó sọ̀rọ̀, Gérard ti lọ wá ìwé àtijọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti tún tẹ àṣẹ náà, torí ó rò pé òun ló ṣì í ṣe nígbà àkọ́kọ́, ó sì ti ń mú sùúrù.

Bó bá jẹ́ oṣù kejì ni, mi ò bá ti lọ fara pa mọ́ sínú yàrá mi. Mo lọ bá Mùsíọ̀ Laurent, mo ní iṣẹ́ tí mo fi lé e lọ́wọ́ kò pé, kó dá a padà fún mi di ọ̀la. Mo tú ìwé náà láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀. Mo pa á rẹ́ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbi tí ojú-ìwé kọkànlélógójì yẹ kó wà, mo kọ ìlà kan ṣoṣo: Ìdúró-de-ìpè: wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú atukọ̀ láti ọdún 1983. Má ṣe dúró dè é. Lo ohun tó wà ní ojú-ìwé kọkàndínlógún. Mo kó àwọn ìwé àtijọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù náà jáde, mo kọ ohun kan náà sí wọn.

Mùsíọ̀ Laurent ka ìlà náà. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi, nítorí òun ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ wo ni ó ti ń kọ́ni. Mo ní ọ̀nà oko Datcha.

Mo wọ ọdún kejì, Bàbá. Ó sọ ọ́ níwájú Madame Julienne. Fọ́tò wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ sọ fún Ìyá pé ẹ̀wù ló fẹ̀, èmi kọ́ ni mo rù.

Ọmọ yín,
Kòkúmọ́


Atakpamé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, ọdún 1986

Kòkúmọ́ ọmọ mi,

A yọ̀. Ìyá rẹ ti gbé fọ́tò náà dé ilé mẹ́rin. Ó ní o rù, ṣùgbọ́n o dúró ṣinṣin.

Mo ti tún dé Ìdí-Igbá. Ẹ̀ka tí mo so gbẹ, Ṣàngówáwa sì ti fi tútù rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń pààrọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rán an. Ọmọ Pauline ń wo ẹ̀ka náà tó bá ń mì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ku iṣẹ́ kan fún ọ. Wá lẹ́tà tí mo kọ ní ọjọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n oṣù kejì. Wo ibi tí mo ti ní kí o má ṣe fọwọ́ kan ohun tí àgbà kọ. Fa ìlà gba orí rẹ̀. Má ṣe ya ìwé náà. Kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́, kí ẹni tó bá kà á wo lẹ́tà ti oṣù kẹrin, kí o sì fi orúkọ mi sí i.

Bàbá rẹ,
Étienne Ẹ̀taòkò